Ọmọ kí ìyá àgbà, wọ́n ní ó ṣe màgòmágó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ọmọ wa kan wà ní Kétu, àwa olùkọ́ la kọ́ ọ títí ó fi gba BAC. Orí ọmọ náà pé, ìwà rẹ̀ sì dára. Ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan ní òkè òkun, ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kẹ́kọ̀ọ́ fún odidi ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Kútọnu ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ ló ń ra mẹ́gà. Ó wá ku ìdánwò kan ṣoṣo, ìdánwò àṣejáde, èyí tí ẹni tó bá kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó fún un ní oyè.

Wọ́n ní kó ṣe é nílé. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni yóò máa ṣọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn ni wọ́n fi sí, èyí sì jẹ́ aago mọ́kànlá òru lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ náà yá ẹ̀rọ amúnáwá, nítorí kò mọ ìgbà tí iná lè lọ. Ó ra mẹ́gà tó pọ̀. Ó bẹ àwọn ọmọdé agbo ilé pé kí wọ́n má pariwo. Gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe ló ṣe.

Ohun kan ni kò ranti: kò ṣàlàyé fún ìyá àgbà. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà jí, ó rí iná nínú yàrá ọmọ, ó rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣé kò sí o? O ò tíì sùn?" Ọmọ tí a kọ́ nílé kò lè jókòó kó máa wo ojú ẹ̀rọ nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó dìde lórí àga, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ìdánwò ni mò ń ṣe." Ìyá àgbà súre fún un, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sùn. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé. Wọ́n ní ẹni kejì wọ yàrá. Wọ́n ní olùdánwò kúrò níwájú kámẹ́rà. Wọ́n ní àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Wọ́n kó àwọn mẹ́ta yìí pọ̀, wọ́n pè é ní màgòmágó. Wọ́n fagi lé ìdánwò rẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó lè tún un ṣe, àfi kó sì tún san owó.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá wa ro ó. Irú ìdánwò báyìí, kí ló máa ń wà nínú rẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan wà tí ETS ṣe fún àwọn tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe òun ni ọmọ wa ṣe o, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Ìbéèrè 66 ni, wákàtí méjì ni wọ́n fún un. Wọ́n á bi ọ́ nípa bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nípa algorithm, nípa bí inú kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ǹjẹ́ ìyá àgbà Kétu, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ló wá sọ ìdáhùn algorithm fún ọmọ ní aago méjìlá òru ku ogún ìṣẹ́jú? Bí wọ́n bá ti bi ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá léèrè, ìbáà ṣe ọmọ ọdún márùn-ún, yóò sọ fún wọn pé ìkíni ni. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ó dùn wá jù nìyí. Èdè wa di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ìyá ọmọ kan ní ìlú tiwọn bá ṣílẹ̀kùn tó sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó yé wọn, wọ́n á gbọ́ pé ó kàn ń béèrè bóyá oúnjẹ ti tó jẹ ni, wọ́n á sì gbójú fò ó. Ti ìyá wa kò yé wọn, nítorí náà ó di àṣírí, àṣírí sì di olè. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí náà wo ilé wa lóòótọ́, kámẹ́rà ni wọ́n fi wò ó, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọmọ wa ni olè.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ń sanwó fún ohun tí wọn kò mọ̀. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ á fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn. Á gbé kámẹ́rà yí gbogbo yàrá ká: abẹ́ tábìlì, ara ògiri, orí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ètò olùṣọ́ á ti gbogbo ohun mìíràn pa lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ó ń ya àwòrán ojú rẹ̀, ó ń gba ohùn tó bá ń dún nínú yàrá sílẹ̀, ó ń wò bóyá ojú rẹ̀ kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Bí ojú ẹnìkejì bá yọ, ó sàmì sí i. Bí ohùn bá dún, ó sàmì sí i. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ó sàmì sí i. Nígbà mìíràn èèyàn kan ń wò ó láti ibi tó jìnnà. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ nìkan ni, tí èèyàn á sì wo àmì náà lẹ́yìn náà, bí àyè bá gbà á.

Ẹ̀rọ yẹn kò mọ olè. Ohun tó mọ̀ ni ẹni tí kò jókòó jẹ́jẹ́ nínú yàrá tó dákẹ́, tó ní iná, tó ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ lára wa? Agbo ilé là ń gbé. Àkùkọ ń kọ, ewúrẹ́ ń ké, mọ́sálásí ń pe ìrun, ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe àìsùn. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n wá, gbogbo wa la jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ kí a tó ka ìbéèrè àkọ́kọ́.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni nǹkan yìí ń ṣe. Ìgbà àrùn kòrónà ní 2020 ni ìdánwò inú ilé yìí gba ayé kan, nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn tó fẹ́ di agbẹjọ́rò ní California ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò wọn báyìí. Nǹkan bí 9,000 ni wọ́n. Ẹ̀rọ sàmì sí ohun tó lé ní 3,000 nínú wọn pé kí wọ́n wò wọ́n wò. Nígbà tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbọ́ o: ẹni kan nínú mẹ́ta ni ẹ̀rọ fura sí. Olùkọ́ wo ní Benin ló máa wọ gbọ̀ngàn BAC, tó máa nàka sí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ, tí wọ́n á tún pè é wá ṣọ́ ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀?

Ní ilẹ̀ Hólándì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Robin Pocornie, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ bioinformatics ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, sọ pé ètò Proctorio kò rí ojú òun dáadáa, àfi bí òun bá tan iná sí ojú ara òun. Ó gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìgbìmọ̀ ní ohun tó mú wá tó láti fura pé wọ́n ṣe ìyàsọ́tọ̀, kí yunifásítì wá sọ tẹnu rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2023, lẹ́yìn tí yunifásítì ti kó àkọsílẹ̀ wá, ìgbìmọ̀ ní òun kò rí i pé wọ́n ya obìnrin náà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n pé ó yẹ kí wọ́n ti fi ara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ò ní purọ́ fún yín: kò jàre ẹjọ́ náà tán. Ṣùgbọ́n ó rí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ẹnu rẹ̀. Yunifásítì jókòó, òun náà jókòó, àwọn àgbà gbọ́ tọ̀tún gbọ́ tòsì. Ọmọ Kétu tiwa, ibo ni yóò gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ?

Ní Amẹ́ríkà kan náà, ní oṣù Kẹjọ 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio sọ pé bí Cleveland State University ṣe ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kámẹ́rà yí yàrá rẹ̀ ká kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ kò bá òfin mu, pé títú ilé onílé ni. Ní Faransé, ibi tí a ti kó ètò ẹ̀kọ́ wa wá, ilé ẹjọ́ kan ní Montreuil dá Yunifásítì Paris 8 dúró ní oṣù Kejìlá 2022 pé kó má tíì lo ètò TestWe láti ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí gan-an ń bá a ṣẹjọ́ nílé tiwọn. Ṣé àwa la máa wá gbà á bí ẹni gba ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́?

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa jí ìdánwò wò ni?" Rárá o. Àwa gan-an la máa ń dúró nínú gbọ̀ngàn BEPC àti ti BAC. A ti rí ìwé pélébé nínú bàtà. A ti rí ẹni tó kọ ìṣirò sí itan. A ti rí fóònù nínú búrẹ́dì. A kò fẹ́ olè, nítorí oyè tí olè gbà máa ń sọ oyè ọmọ olóòótọ́ di yẹpẹrẹ. Ìdánwò gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ kọ̀ǹpútà kankan, yóò sọ fún yín pé ẹ̀rọ yìí kì í mú ọ̀jáfáfá olè. Olè á gbé fóònù kejì sí ibi tí kámẹ́rà kò rí. Olè á fi wáyà so ojú kọ̀ǹpútà mìíràn mọ́ tirẹ̀ sí yàrá kejì, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ka ìbéèrè níbẹ̀. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹ fẹ́ fi ètò kọ̀ǹpútà dè? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe èrú á ti ilẹ̀kùn, á jókòó jẹ́jẹ́, á tẹjú mọ́ kámẹ́rà, ẹ̀rọ á sì yìn ín. Ẹni tó dìde kí ìyá rẹ̀ ni wọ́n mú.

Àwọn mìíràn á ní òfin ni òfin, pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ọmọ náà sì ti fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni. A gbà pé ó yẹ kó ti sọ fún ìyá àgbà. Àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe àti èrú kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Nínú gbọ̀ngàn tiwa, bí ẹnìkan bá ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn, olùṣọ́ á ní kó jáde, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bí a bá fura sí ọmọ, a ó bi í léèrè lójú ẹsẹ̀, a ó kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀, òun náà á sì fọwọ́ sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀rọ tó sì gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá kò sàn jù ú lọ.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa o. Àwa la sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé owó rẹ̀ kéré sí ti ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, pé Abomey-Calavi ti kún. A kò bá wọn ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. A kò béèrè bí ìdánwò ìkẹyìn ṣe máa rí. A jẹ́ kí ọmọ dá dúró níwájú kámẹ́rà lóru.

Kí la wá fẹ́? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, kí ìdánwò àṣejáde kúrò nínú yàrá, kó bọ́ sínú gbọ̀ngàn. Kì í ṣe àlá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe DELF, ibi tí wọ́n yàn ló ń lọ, èèyàn ló ń ṣọ́ ọ. Ní Nàìjíríà lọ́hùn-ún, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ni àwọn ọmọ ń lọ. Ní Etiópíà, láti 2023, ẹni tó bá fẹ́ gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde, títí kan àwọn tó kọ́ kọ̀ǹpútà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é, inú yunifásítì sì ni. Àwa náà ní lycée àti CEG tó ń gba ìdánwò BAC lọ́dọọdún. A ní olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà. Kí àwọn aláṣẹ ìlú wa àti àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ya gbọ̀ngàn kan sọ́tọ̀ ní Kétu, ọ̀kan ní Ṣábẹ, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n fi iná àti íntánẹ́ẹ̀tì sí i, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn yunifásítì tí ọmọ wa ń sanwó fún pé ibí ni kí wọ́n ti ṣe é, àwa ni a ó ṣọ́ wọn. Àwa olùkọ́ tó ń kọ èyí ṣe tán láti dúró níbẹ̀, bó jẹ́ aago mọ́kànlá òru.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ ní olè kí wọ́n tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ bá jẹ́ Yorùbá, kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá. A pọ̀ káàkiri ayé, wọn kò ní wá a tì. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an tí ìyá rẹ̀ ń kí i báyìí.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n rántí pé ọ̀nà mìíràn wà láti mọ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ lédè Faransé mọ soutenance. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ètò kan, kó gbé e wá síwájú àwọn olùkọ́, kí wọ́n bi í pé, "Kí ló dé tí o fi kọ ìlà yìí báyìí? Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ìdajì wákàtí tó. Ẹni tó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kò lè dáhùn. Ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ ò ní lè pa á lẹ́nu mọ́. A lè ṣe é láti ọ̀nà jíjìn pàápàá, nítorí èèyàn ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, bí ìyá àgbà bá sì wọlé, àwọn náà á kí i.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san sẹ́fà kan fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́rin: Níbo ni ìdánwò ìkẹyìn? Aago mélòó ni lọ́dọ̀ tiwa? Ẹ má gbàgbé pé aago Tógò àti ti Benin kò dọ́gba. Ta ló ń ṣọ́ ọ, èèyàn tàbí ẹ̀rọ? Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ọ́, ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ? Bí kò bá mọ ìdáhùn ìkẹyìn yìí, ẹ dá owó dúró ná.

Ọmọ wa ti kọ lẹ́tà padà sí yunifásítì náà. A bá a túmọ̀ ohun tí ìyá àgbà sọ lóru ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí kan ìre tó sú fún un. Àwa olùkọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Títí di òní, ẹ̀rọ ló fèsì pé wọ́n ti rí lẹ́tà náà gbà.

Ìyá àgbà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí iná nínú yàrá ọmọ, kì í ṣílẹ̀kùn mọ́. Ó ń dúró níta, ó ń fetí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nìyí, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí nìkan.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má tijú. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ní gbọ̀ngàn, ẹ dá wa lóhùn. A ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ ìlú. Ẹ pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní òkè òkun, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì.

Ire o.